Kíláàsì Lárúbáwá Ìrọ̀lẹ́ kan ní Lágéré, Ilé-Ifẹ̀: Bí Ó Ṣe Wúlò fún Ẹni tó ń Lọ Ṣiṣẹ́ ní Sáúdí

Kíláàsì èdè Lárúbáwá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí wà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì àti àwọn ọlọ́jà lè ráyè wá. Mo parí ẹ̀kọ́ náà kí n tó lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Riyadh, níbi tí mo wà títí di ìsinsìnyí, ohun tí ojú mi sì rí ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn àti ní ọjà níbẹ̀ ni mo fi ń díwọ̀n ohun tí wọ́n kọ́ wa.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a forúkọ sílẹ̀ ló ti ṣe kéú rí ní kékeré. A mọ álífù, a mọ báà, a sì lè ka Kùránì, ṣùgbọ́n bí Lárúbáwá kan bá bi wá pé níbo ni a ti wá, a ó kàn máa wò ó ni. Àwọn onígbàgbọ́ náà wà láàárín wa, àwọn tí kò mọ ìkankan nínú lẹ́tà 28 náà rí, Àáfà sì fi sùúrù kọ́ wọn bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí ìrísí padà ní ìbẹ̀rẹ̀, ní àárín àti ní ìparí ọ̀rọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí ó fi ẹ̀kọ́ èdè ṣe wàásù fún wọn. Àwọn gan-an ló tètè mọ ọ̀rọ̀ sọ jù wá lọ, nítorí pé ohùn kíké Kùránì ti wọ̀ wá lára, ẹni tó bá sì fi ohùn kíké béèrè iye tí wọ́n ń ta tòmátì, ẹ̀rín ni yóò pa ọlọ́jà.

Ohun tí mo dúpẹ́ rẹ̀ jù ni ẹ̀kọ́ nọ́ńbà, tí àwọn kan nínú wa kà sí ẹ̀kọ́ ọmọdé. Lóòótọ́, nọ́ńbà tí àwa ń lò ní Nàìjíríà pọ̀ ní Sáúdí, ṣùgbọ́n tiwọn náà kò kúrò nílẹ̀: ẹ ó rí i lára nọ́ńbà ọkọ̀, lára páálí oògùn, àti nínú ìwé tí ẹbí aláìsàn bá fi ọwọ́ kọ. Àmì márùn-ún wọn rí roboto bí òdo wa, àmì mẹ́fà wọn jọ méje wa, òdo wọn sì jẹ́ ẹyọ àmì bíńtín tí ènìyàn lè rò pé yíǹkì ló kán síbẹ̀. Bí wọ́n sì ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì tó, láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà. Ẹ wo ohun tí ó lè dá sílẹ̀ bí nọ́ọ̀sì bá ka àádọ́ta sí òdo. Àáfà kó páálí oògùn òfìfo láti Íjíbítì wá sí kíláàsì, ó ń fà á yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ní kí a ka iye mìlígíráàmù tó wà lára rẹ̀ sókè.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, àṣà ni wọ́n fi ọwọ́ pàtàkì mú. Orúnkún àwa ọmọ Ifẹ̀ àti Iléṣà kì í pẹ́ kanlẹ̀ bí a bá rí àgbàlagbà. Àáfà kìlọ̀ fún wa pé ní Sáúdí, kíkúnlẹ̀ kí ènìyàn lè bí àgbà náà nínú, nítorí pé Ọlọ́run nìkan ni wọ́n gbà pé ó yẹ kí a wólẹ̀ fún. Ọmọ ilé a máa fi ẹnu ko àgbà ní iwájú orí, obìnrin tó jẹ́ àlejò a sì gbé ọwọ́ lé àyà bí ó bá ń kí ọkùnrin. Títí di òní, bí mo bá rí ìyá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún mi ṣì máa ń fẹ́ tẹ̀.

Ó tún kọ́ wa bí a ṣe ń pe ènìyàn. Bí àwa ṣe ń sọ pé Ìyá Bọ́láńlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé Umm Khalid, àmọ́ orúkọ ọmọkùnrin àkọ́bí ni wọ́n sábà máa ń lò, kódà bí ọmọ náà bá ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, kò bójú mu kí àlejò máa pe ìyá ní orúkọ rẹ̀ gangan níwájú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti yẹ orúkọ aláìsàn wò tán lára ohun tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́, Umm ni mo fi ń pè é, ojú àwọn ẹbí a sì yọ́ sí mi. Ti kọfí wọn kò le. Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń gba ife kékeré náà, èyí tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ láti ilé, onílé yóò sì máa bu sí i títí tí àlejò yóò fi mi ife náà díẹ̀ láti fi hàn pé ó tó.

Àléébù kíláàsì náà kò kéré. Lárúbáwá inú ìwé, tí wọ́n ń pè ní fus-ha, kan náà ni láti Mòrókò dé Ọ́máànì, òun sì ni ti ìwé ìjọba àti ti ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú ilé. Orílẹ̀-èdè 22 ló wà nínú Àjọ Ilẹ̀ Lárúbáwá, ìlú sí ìlú sì ní bí ẹnu tirẹ̀ ṣe rí. Àwọn tó ni kíláàsì yìí mọ èyí, wọ́n sì ya ìdajì àsìkò sọ́tọ̀ fún èdè ẹnu, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé kéú kì í ṣe. Àmọ́ ẹnu Kairo nìkan ni wọ́n ń kọ́ni, nítorí pé Kairo ni Àáfà ti kàwé. Ó ní sinimá Íjíbítì àti orin Umm Kulthum, akọrin obìnrin wọn tó lókìkí, ti jẹ́ kí gbogbo Lárúbáwá gbọ́ èdè àwọn ará Kairo. Òótọ́ ni, àwọn ará Riyadh gbọ́ mi. Èmi ni n kò gbọ́ wọn. “Níbo” tí wọ́n kọ́ wa ní “feen”, “ween” ni mo bá níbẹ̀, ìyẹn ṣì rọrùn. Ṣùgbọ́n ìyá tí inú ń run yóò sọ pé “batni y'awwirni”, ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí ní Lágéré. Gẹ̀ẹ́sì ni àwa òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, aláìsàn kò sì ní kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí tèmi. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń fẹ́ kí sísọ tó kàn.

Ariwo ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ ìsàlẹ̀ kò dára fún ẹni tó ń kọ́ ohùn lẹ́tà tuntun, ẹ jókòó níwájú. Owó rẹ̀ kò ju èyí tí a ń san fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní àdúgbò náà lọ, wọ́n sì máa ń gbà á ní ẹ̀ẹ̀mejì.

Fún ọ̀dọ́ tó ń lọ kàwé ní Yunifásítì Al-Azhar ní Kairo, n kò rò pé ó yẹ kó wá ibòmíràn lọ. Oníṣòwò tó kàn ń lọ ra ọjà ní Dubai lè fi Gẹ̀ẹ́sì gbé e. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ Sáúdí ní tirẹ̀, kí ó lọ kọ́ lẹ́tà, nọ́ńbà àti àṣà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé orí èdè ẹnu, kí ó wá ọmọ Sáúdí tí yóò máa bá sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sátidé ni wọ́n ń forúkọ àwọn tuntun sílẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe kéú rí, kó tètè sọ fún wọn, kí wọ́n má baà fi í sí ọ̀wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí álífù, torí iye kan náà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọ̀wọ́ méjèèjì.