Ta Ni Ká Gbọ́ Kí A Tó Ra Irinṣẹ́? Ìfiwéra Àwọn Tó Ń Dán Wọn Wò Lórí YouTube

Wọ́n kọ 388VF gàdàgbà sára ímpáàtì tí mo kọ́kọ́ rà, ẹ̀rọ oníbátìrì tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Ẹni tó tà á fún mi ní fóltì 388 ló wà nínú bátìrì rẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀tì Corolla kan ló tú àṣírí wa. Ẹ̀rọ pariwo títí, nọ́ọ̀tì kò mira, ọmọṣẹ́ mi yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè rí àyè rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, mo fi mítà wọn bátìrì náà: fóltì 21. Láti ìgbà náà, n kì í náwó lórí irinṣẹ́ láìkọ́kọ́ wo àwọn tó ń dán wọn wò lórí YouTube. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, ẹni tó bá sì lọ béèrè iye ata lọ́wọ́ alápatà kò gbọdọ̀ bá alápatà jà. Bí mo ṣe ń yàn láàárín wọn nìyí.

Project Farm: fún ohun tó ń tán

Ará Amẹ́ríkà lọkùnrin tó ni ìkànnì yìí, àwọn tó ń tẹ̀lé e sì ti lé ní mílíọ̀nù 3. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra ohun tó ń dán wò. Kì í gba owó ìpolówó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan, àwọn olùwòran ló sì sábà máa ń dábàá ohun tó kàn. Ká ní bíìtì dírílì ni. Yóò kó oríṣiríṣi jọ, olówó pọ́ọ́kú àti olówó gọbọi, yóò sọ iye tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe é. Yóò wá fi ìwúwo kan náà tẹ gbogbo wọn mọ́ irin kan náà, yóò sì ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi lu ú já. Ó máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn fẹ́ fi sílẹ̀. Tó bá parí, ẹ óò rí gbogbo èsì lójú kan, ti oní-náírà-díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti olówó ńlá, kì í sì í ṣe olówó ńlá ló ń gbégbá orókè nígbà gbogbo.

Bíìtì, bíléèdì ayùn, gúlúù, òróró tí a ń fọ́n sí nọ́ọ̀tì tó dípẹtà: bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra irú èyí, òun ni kí ẹ wò. Ìdí rẹ̀ ni pé ìgbésí ayé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò gùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bíìtì lọ́sàn-án ọjọ́ kan lórí tábìlì rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i lọ́wọ́ yín. (Lórí ọ̀rọ̀ òróró: ẹ yé bú WD-40 nígbà tí nọ́ọ̀tì bá kọ̀ tí kò tú. Ní San Diego ni wọ́n ti ṣe é lọ́dún 1953 láti lé omi kúrò lára irin, WD inú orúkọ rẹ̀ sì ni Water Displacement. Ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ọdẹ lẹ ní kó wá se ọbẹ̀.)

Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra ni irinṣẹ́ tó yẹ kó bá èèyàn gbé fún ọdún mẹ́wàá. Ẹyọ kan ló sábà máa ń rà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ yẹn bá ti lábùkù láti ilé iṣẹ́, gbogbo ìdílé rẹ̀ ló máa jẹ̀bi. Ohun tí dírílì máa yà lọ́dún kẹta, fídíò ìṣẹ́jú 20 kò lè rí i.

Torque Test Channel: fún ímpáàtì

Ará Amẹ́ríkà ni àwọn yìí náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe gbogbo nǹkan. Agbára tí ẹ̀rọ fi ń yí nọ́ọ̀tì ni wọ́n gbájú mọ́, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ mẹkáníìkì tàbí fọganáísà, àwọn gan-an ni kí ẹ jókòó tì, torí inú nọ́ńbà ara páálí ni wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ jù.

Ẹ wo méjì tí àwọn èèyàn sábà máa ń bi mí léèrè. Páálí Milwaukee 2767 sọ pé agbára rẹ̀ jẹ́ 1,400 ft-lb (ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń wọn agbára ìyínọ́ọ̀tì) tó bá ń tú nọ́ọ̀tì, 1,000 tó bá ń dè é. Ti DeWalt DCF899 jẹ́ 1,200 fún títú àti 700 fún dídè. Nọ́ńbà méjì-méjì ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń tajà kì í sì í dárúkọ èyí tó kéré. Bí ontajà kan bá fi 1,200 ti ọ̀kan wé 1,000 ti èkejì, ó ti fi ẹsẹ̀ kan wé apá kan. Àǹfààní àwọn ará Torque Test ni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń wọn gbogbo wọn, ohun tí wọ́n sì ń bá níbẹ̀ sábà máa ń rẹlẹ̀ sí ohun tí páálí sọ.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jùyẹn lọ ni pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Nọ́ọ̀tì táyà Corolla, 76 ft-lb ni Toyota ní ká fi dè é, ìyẹn 103 Nm nínú ìwọ̀n kejì tí ẹ lè rí lára páálí. Ti tírélà máa ń wà láàárín 450 sí 500 ft-lb. Ẹni tó ń ṣe táyà ọkọ̀ kéékèèké ládùúgbò kò nílò 2767, ìwúwo rẹ̀ ni yóò máa gbé kiri lásán, bó bá sì gbàgbé ara rẹ̀ nígbà tó ń dè é, yóò já irin tí nọ́ọ̀tì oníbàárà ń wọ̀. Kó ra èyí tó fúyẹ́. Ẹni tó ń bá àwọn onítírélà ṣiṣẹ́ ní Ògèrè, òun ni kó lọ wá owó ńlá.

Ohun kan tún wà tí kò náni lówó. Gbogbo ọ̀pá àfikún tí ẹ bá fi sáàárín ímpáàtì àti nọ́ọ̀tì ló ń jẹ nínú agbára ìlù rẹ̀, èyí tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń jẹ jù. Bákan náà ni rọ́bà tóóró ṣe ń fún ímpáàtì oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́rùn. Mo mọ ẹni tó fẹ́ ra ímpáàtì tuntun tó jẹ́ pé rọ́bà ló yẹ kó pààrọ̀.

AvE: fún inú ẹ̀rọ

Ará Kánádà ni. Kì í to ẹ̀rọ mẹ́wàá, ẹyọ kan ló máa ń tú palẹ̀, tó ń wo jíà, bẹ́ríìn, súwíìṣì àti wáyà, tó ń sọ ibi tí ilé iṣẹ́ ti ṣahun. Fídíò rẹ̀ kì í sọ ẹ̀rọ tó yára jù fún yín, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ni bí a ṣe ń mọ èyí tó ṣeé tún ṣe. Ẹnu rẹ̀ kò mọ́, ẹ má wò ó níwájú ọmọ.

Ti àwọn tí ilé iṣẹ́ fún ní irinṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò pẹ́ sọ. Òfin Amẹ́ríkà ní kí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n láti mọ bí a ṣe ń pààrọ̀ bíléèdì, n kì í bi wọ́n bóyá kí n rà á.

Ohun tí kò sí nínú fídíò wọn

Iná Amẹ́ríkà jẹ́ fóltì 120, tiwa jẹ́ 230. Ẹ̀rọ oníwáyà tó gbégbá orókè nínú fídíò yẹn, bí ẹ bá ní kí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Houston, tí ẹ sì so ó mọ́ iná Nẹ́pà tààrà, èéfín lẹ óò fi wò ó. Ẹ wo ṣájà ti oníbátìrì náà dáadáa, bí wọ́n bá kọ 120V nìkan sára rẹ̀, táńsúfọ́mà ni yóò gbà. Ti Lọ́ńdọ̀nù dára jù torí iná wọn bá tiwa mu, àyàfi ohun kan tó ti da ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ láàmú: èyí tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bá jẹ́ yẹ́lò bíi pupa inú ẹyin adìyẹ, tó rí roboto, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ló ti wá, fóltì 110 sì ni.

Ẹ má sì san owó lé 20V nítorí ẹ rò pé ó ju 18V lọ. Bátìrì kéékèèké márùn-ún ló tẹ̀ léra nínú méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 3.6, márùn-ún jẹ́ 18. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, wọ́n ń lọ sí 20 tàbí 21. Ohun tí DeWalt ń pè ní 20V MAX ní Amẹ́ríkà, 18V ló ń pè é ní Yúróòpù. Ibẹ̀ náà ni fóltì 21 tí mo bá nínú 388VF mi ti wá.

Èyí tó kù ni Ah, iye iná tí bátìrì lè gbà. Irọ́ ibẹ̀ pọ̀ ju ti fóltì lọ, mítà kò sì lè bá yín mú un. Ìwọ̀n ló lè mú un. Lónìí, bátìrì kékeré tó dára jù tí wọ́n ń tò sínú irinṣẹ́ kì í gba ju nǹkan bí 5 Ah lọ, ó sì wúwo tó gíráàmù 70. Márùn-ún rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 350, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ léra yẹn, fóltì wọn ló ń pọ̀ sí i, Ah wọn ṣì jẹ́ 5. Nítorí náà, bátìrì 18V gbọ́dọ̀ wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 70 fún Ah kọ̀ọ̀kan, láìtíì ka ike rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 10 Ah sí, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 400, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ìyá tó ń ta ẹja áìsì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní ìwọ̀n oníná. Bó bá ti rí mi tí mo gbé páálí tuntun bọ̀, kì í béèrè ohun tí mo fẹ́ mọ́, á kàn kó ẹja kúrò lórí rẹ̀, á fi àkísà nù ún, á ní kí n gbé e lé e.