Sàfárì ọjọ́ kan láti Ìbàdàn: ibo ló yẹ kí ẹ náwó sí?

Ẹni tó bá fẹ́ jí ní Ìbàdàn láàárọ̀, kó lọ wo ẹranko, kó sì padà sùn sílé lálẹ́, kò ní wá ibi tó máa lọ tì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ibi tí wọ́n ń polówó fún wa ni wọ́n ń pè ní sàfárì, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ ó rí níbì kan yàtọ̀ pátápátá sí tibòmíràn. Ní Nairobi, olú ìlú Kenya, ọdún 1946 ni wọ́n ti ya igbó kan sọ́tọ̀ fún ẹranko, bíi kìlómítà méje péré sí àárín ìlú. Igbó náà fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 117, kìnnìún àti àgùnfọn ń rìn kiri níbẹ̀, tí ilé alájà gíga ń yọ lẹ́yìn wọn lọ́ọ̀ọ́kán. Irú ìyẹn kò sí nítòsí Ìbàdàn. Ẹni tó bá ṣèlérí pé ẹ ó jókòó sínú mọ́tò, kìnnìún á máa gba iwájú yín kọjá, ẹ ó sì ti padà dé Bódìjà kí ilẹ̀ tó ṣú, irọ́ ló ń pa fún yín.

Èyí tó wà nítòsí wa tó nǹkan tí èèyàn lè náwó sí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi wọ̀n wọ́n: aago mélòó la ó dé ọ̀dọ̀ ẹranko? Ẹranko igbó kì í jáde lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ kùtù ló ń jẹun, tó ń mu omi, lẹ́yìn náà á wọ abẹ́ igi lọ títí oòrùn á fi rọ̀. Ibi tó bá tóbi jù lórí máàpù lè jẹ́ ibi tí ẹ kò ní rí nǹkan kan nítorí pé ẹ pẹ́ dé.

UI àti Agodi

Fún ẹni tó ní ọmọ kékeré, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ọdún 1948 tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga náà sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko. Ní 1974 ló wá di ọgbà ẹranko tó kún rẹ́rẹ́. Àwọn àgbà Ìbàdàn ṣì ń sọ̀rọ̀ Aruna àti Imade, àwọn gọ̀rílà ibẹ̀ ìgbà kan. Lóde òní, ọ̀dọ̀ kìnnìún ni ọmọdé máa ń sáré lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìnàkí ni wọ́n máa ń pẹ́ sí jù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀. Ìnàkí á na ọwọ́ gba àárín irin jáde, á ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè bíi ti ẹni tó ń tọrọ owó, ojú rẹ̀ á sì wà lára ọ̀rá tí ìyá ọmọ gbé dání. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ẹ̀pà àti bisikíìtì táwa àlejò ń jù sí wọn kì í ṣe oúnjẹ wọn, òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn ni yóò máa bá àìsàn rẹ̀ jà lẹ́yìn tí a bá ti lọ.

Bí wọ́n bá ti ń ṣílẹ̀kùn ni kí ẹ wọlé, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀. Bí ẹ bá lọ ní agogo kan ọ̀sán, ẹ̀yìn kìnnìún tó ń sùn nìkan lẹ ó rí, ọmọ á sì máa sunkún pé òun fẹ́ kó dìde. Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀ o. Ní oṣù kejì ọdún 2024, kìnnìún pa òṣìṣẹ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́sàn-án ní ọgbà ẹranko yunifásítì OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá fa irin sílẹ̀ pé kí a má kọjá, ẹ má gbé ọmọ lé e nítorí fọ́tò.

Agodi ńkọ́? Ọgbà yẹn ti wà láti 1967, ẹranko sì pọ̀ níbẹ̀ nígbà kan. Àgbàrá tó ṣọṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011 ló gbá a lọ. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i padà ní 2014. Ibi ìgbafẹ́ tó dára ni lónìí, ibi tí ẹ ti lè tẹ́ ẹní sábẹ́ igi kí ẹ jẹ móínmóín. Ẹranko tó wà níbẹ̀ kò tó ti UI rárá. Ẹ lọ síbẹ̀ fún atẹ́gùn, ẹ má san owó sàfárì fún un.

IITA

Ká ní èmi ni mo ń náwó fún ẹni tó ti dàgbà, ibí ni màá mú un lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ló ń gba ẹnu ọ̀nà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kọjá lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Ọ̀jọ́ọ̀, tí wọn kò mọ̀ pé igbó wà nínú ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá iléeṣẹ́ ìwádìí náà sílẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ tí wọ́n fún un tó bíi ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà. Apá kan di oko ìwádìí. Apá tí wọn kò fọwọ́ kàn, tó tó bíi hẹ́kítà 350, igbó gba ibẹ̀ padà, igi ńlá ńlá sì hù sórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Gbogbo igbó tó yí i ká ti di oko àti ilé tán, ìyẹn ló mú kí gbogbo ohun abìyẹ́ sá wá síbẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ti kà níbẹ̀ lé ní oríṣi 270.

Nínú wọn ni ẹyẹ kan tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa wà: malimbe Ìbàdàn. Ìdílé ẹ̀ga ló ti wá, dúdú ni, akọ rẹ̀ pupa fòò lórí títí dé àyà. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé. Àwọn tó fẹ́ràn ẹyẹ ń ti òkè òkun wọ ọkọ̀ òfuurufú wá nítorí rẹ̀, àwa tó wà ní Mọ́kọ́lá kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Mi ò ṣèlérí pé ẹ ó rí i, nítorí kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó rí àgbìgbò, ẹ ó tilẹ̀ gbọ́ ariwo ìyẹ́ rẹ̀ lórí igi kí ẹ tó rí òun fúnra rẹ̀. Ní ẹ̀bá adágún omi ibẹ̀, ẹ wá ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jura rẹ̀ lọ: orí ewé òṣíbàtà ló ń rìn, á gbé ẹsẹ̀ kan, á tẹ ìkejì díẹ̀díẹ̀, ewé á tẹ̀, omi á yọ lé e, kò sì ní rì. Ẹ lè dúró wò ó títí ara á fi gbóná.

Ohun tó jẹ́ kí IITA borí fún ọjọ́ kan nìyí: ẹ lè kúrò nílé ní Sánńgo lẹ́yìn ìrun àárọ̀, kí ẹ sì ti wà nínú igbó kí oòrùn tó yọ dáadáa. Kò sí ibòmíràn nínú àwọn igbó tí mò ń kà yìí tí ẹ ti lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ẹ kò lè ṣàdédé dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ọgbà iléeṣẹ́ ni, ẹ gbọ́dọ̀ ti bá wọn ṣètò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fún yín ní amọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò lè pa ẹnu mọ́ fún wákàtí kan kò ní gbádùn rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí àwọn yòókù gbádùn. Ẹ yá awò tó ń fa ohun òkèèrè súnmọ́ ojú. Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti aṣọ tí kò tàn.

Igbó Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Orúkọ òrìṣà ló gba iwájú níbí, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wá ẹranko kì í fi í rò ó. Ó yẹ kí ó rò ó. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, ìjọba àpapọ̀ ti fi í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, pẹja tàbí gé igi níbẹ̀, nítorí náà ọ̀bọ ibẹ̀ kò bẹ̀rù èèyàn. Ẹ kò ní wá wọn kiri. Wọ́n á ti orí igi sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín, pàápàá bí wọ́n bá rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀sán pàápàá, ẹ ó rí wọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ìrìn wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ láti Ìbàdàn já sí asán. Ẹ má lọ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ bó bá jẹ́ pé ẹranko lẹ fẹ́ wò. Èrò ọjọ́ yẹn á lé wọn wọ inú igbó. Ẹ má sì mu omi odò náà. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti ba omi jẹ́, ìjọba fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún àwọn tó wá sí ọdún lọ́dún 2022.

Igbó Ọ̀yọ́-Ilé

Old Oyo National Park ni wọ́n sábà máa ń tà fún wa ní owó gọbọi. Igbó gidi ni: kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512, òfin 1991 ló sọ ọ́ di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbin, ìgalà, ẹfọ̀n, ìmàdò àti oríṣiríṣi ọ̀bọ ń gbé ibẹ̀ lómìnira. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi tí mo ti dárúkọ lọ. Síbẹ̀, ẹ má rà á fún ọjọ́ kan.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ọ́fíìsì wọn wà ní Ìsokùn nínú ìlú Ọ̀yọ́, bíi kìlómítà 55 péré sí Ìbàdàn, ìyẹn ló ń mú kí àwọn tó ń polówó máa sọ pé kò jìnnà. Ẹranko kò sí ní Ìsokùn. Ẹ ṣì máa gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, lẹ́yìn náà ẹ ó kúrò lójú títì. Títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe, kìlómítà 65, ti dín ìyà kù gan-an, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tiẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn ní agogo márùn-ún, oòrùn á ti mú kí ẹ tó wọ inú igbó, ẹranko á ti wọ abẹ́ igi. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ tún jáde ní ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ yín á ti máa pariwo pé kí ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ipasẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹfọ̀n lẹ ó rí, owó ti lọ.

Ọjọ́ méjì, kí ẹ sùn nítòsí ibẹ̀, láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin. Àsìkò yẹn ni koríko ti gbẹ, ojú ríran jìnnà, omi tó kù nínú odò Ògùn sì ń pe ẹranko jọ. Ibi tí iná bá ti jó, koríko tútù á rú jáde, ibẹ̀ ni ẹ̀gbin máa ń jẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kàn sí ọ́fíìsì Ìsokùn fúnra yín, kí ẹ béèrè bí ààbò ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn àti ẹ̀ka wo ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọ̀. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nìkan gbọ́ lórí èyí. Awakọ̀ tó bá sì dúró ra ẹran ìgbẹ́ lójú ọ̀nà nígbà tó ń gbé yín lọ wo ẹran kan náà láàyè, ẹ sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀ lórí owó yín.

Àwọn yòókù

Lekki Conservation Centre ní Èkó dára: hẹ́kítà 78, ọ̀bọ, ọ̀nì, àti afárá orí igi tó gùn tó mítà 401. Àmọ́ gosiló Èkó ló máa jẹ ọjọ́ yín. Bí ẹ bá ní ẹbí tí ẹ lè sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Èkó, ẹ lọ. Abẹ́òkúta súnmọ́ wa ju Èkó lọ, ọgbà ẹranko sì wà níbẹ̀ ní ilé ìkàwé Ààrẹ Obasanjo, ṣùgbọ́n ẹni tó ti lọ sí UI kò ní rí ìyàtọ̀ tó tó owó epo. Igbó Ọmọ̀ ní Ìjẹ̀bú, níbi tí erin ṣì wà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín fún ọjọ́ kan. Erin ibẹ̀ ń sá fún èèyàn, àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn.

Owó

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ojú ọ̀nà ló ń jẹ owó jù, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọgbà. UI, ẹ lè wọ takisí Máíkírà lọ. Owó ẹnu ọ̀nà ló kù. IITA, mọ́tò kò ná yín ní púpọ̀, amọ̀nà lẹ ń sanwó fún, ó sì tọ́ sí i. Òṣogbo, epo lọ àti bọ̀. Bí ẹ bá pé márùn-ún nínú mọ́tò kan, ó rọrùn. Ọ̀yọ́-Ilé, epo, awakọ̀, ibùsùn, ẹ̀ṣọ́ igbó, àti mọ́tò tí inú rẹ̀ ga sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ bá yín ṣètò, ẹ ní kó kọ ohun tó wà nínú owó náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹnu ọ̀nà, amọ̀nà, kámẹ́rà, oúnjẹ. Owó kámẹ́rà ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, ẹ̀yin lẹ ó sì san án níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ wákàtí tí ẹ ó kúrò ní Ìbàdàn àti wákàtí tí ẹ ó dé ọ̀dọ̀ ẹranko. Bó bá kọ agogo mẹ́wàá sí igbó èyíkéyìí yàtọ̀ sí Òṣogbo, ẹ ní kó yí i padà tàbí kó dín owó kù. Ẹ má san ju ìdajì lọ ṣáájú, kí ẹ sì mú kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí òjò tàbí ọ̀rọ̀ ààbò bá dí ọ̀nà, owó yín á padà tàbí kí ọjọ́ yí sí iwájú.