Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra ológbò Siamese irú ti àtijọ́: ẹ ṣọ́ra fún ọmọ funfun olójú búlúù

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ológbò Siamese irú ti àtijọ́, èyí tí orí rẹ̀ rí roboto tí ara rẹ̀ sì kún ju ti àwọn tó ń lọ síbi ìdíje lóde òní lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Òǹtajà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ọmọ ológbò funfun lásán ní orúkọ Siamese, mo sì wà lára àwọn tó rà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ tó ń jẹ́ kì í pẹ́ kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ rẹ̀ ni kì í yí padà, òun ni mo sì fẹ́ tú síta. Ọkùnrin yìí kì í pa irọ́ gbuu. Ohun tó jẹ́ òtítọ́ nípa ìran ológbò yìí ló máa ń mú, á wá fi bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, débi pé bí ẹ bá ṣe kàwé nípa Siamese tó ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ṣe wọ̀ yín létí tó.

Òtítọ́ àkọ́kọ́ tó fi mú mi ni pé funfun ni wọ́n ń bí Siamese. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Èròjà ara tó ń pèsè àwọ̀ dúdú sínú irun ológbò yìí kì í lè ṣiṣẹ́ níbi tí ara bá ti gbóná. Ibi tó bá tutù ju ìyókù lọ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ojú, etí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìrù. Nígbà tó sì jẹ́ pé kò sí ibi tó tutù nínú ilé ọlẹ̀ ìyá, kò sí ibi tí àwọ̀ lè gbà yọ kí wọ́n tó bí ọmọ náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni òǹtajà náà ti dákẹ́: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ti bí i ni etí àti imú yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, nígbà tó bá sì fi máa pé oṣù mẹ́ta, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ológbò pàápàá yóò rí i pé ojú rẹ̀ dúdú ju ara rẹ̀ lọ.

Ọmọ tí mo rà, wọ́n ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ 12. Funfun báláú ni láti etí dé ìrù. Mo béèrè ìdí rẹ̀, òǹtajà náà sì fi ìrẹ̀lẹ̀ dá mi lóhùn pé, “Ẹ má ṣèyọnu rárá, lilac ni, àwọ̀ tirẹ̀ kì í tètè yọ.” Lilac, ìyẹn àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́rin tí àwọn ẹgbẹ́ ológbò ti tẹ́wọ́ gbà fún Siamese láti ìgbà pípẹ́, pẹ̀lú seal (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú), chocolate àti blue (àwọ̀ eérú tó ṣú ju lilac lọ). Òun ló mọ́lẹ̀ jù nínú wọn, ó sì máa ń lọ́ra lóòótọ́ kí ó tó hàn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà. Ohun tí n kò rò ni pé nǹkan tó ń lọ́ra yàtọ̀ sí nǹkan tí kò sí: etí ọmọ lilac tó ti pé oṣù mẹ́ta á ti dà bí ẹni pé wọ́n fi eérú díẹ̀ pa á, bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà funfun ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ìmọ̀ràn tó fún mi lẹ́yìn èyí ló ń bí mi nínú jù títí di òní. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá tí nǹkan kan kò yí padà, ó ní ilé mi ló gbóná jù, pé kí n gbé ọmọ náà sí yàrá tó tutù jù lọ kí àwọ̀ rẹ̀ lè yára yọ. Òtítọ́ tún wà nínú rẹ̀, nítorí irun Siamese tó ń gbé ibi tútù máa ń ṣú ju ti èyí tó ń gbé ibi gbígbóná lọ, bí dókítà bá sì fá irun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, irun tuntun tó bá hù níbẹ̀ lè kọ́kọ́ dúdú. Àmọ́ kò sí olùsìn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa ní kí ẹnikẹ́ni fi òtútù jẹ ọmọ ológbò níyà nítorí àwọ̀. Mo ṣe é fún òru méjì, ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ó ń sín, imú rẹ̀ dí, kò jẹun, mo sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Dókítà gbé e sórí ìwọ̀n: 660 gíráàmù. Ọmọ ológbò tó ń jẹun dáadáa sábà máa ń fi nǹkan bí 100 gíráàmù kún ara lọ́sẹ̀, nítorí náà èyí tó ti pé oṣù mẹ́ta yẹ kó ti kọjá kílò kan. Ó ya ẹnu rẹ̀, ó wo ehín rẹ̀, ó ní ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, bí ó pọ̀ jù méje. Ìyẹn ni pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni wọ́n já a gbà lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, síbẹ̀ káàdì tó bá a wá sọ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá ti pé ọ̀sẹ̀ 12 lóòótọ́, àwọ̀ rẹ̀ ti yẹ kó yọ. Bí kò bá sì tíì pé, káàdì náà parọ́. Irọ́ méjèèjì kò lè jọ gbé inú ilé kan, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tó fi ń tà wọ́n ní kékeré bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀ràn tiwa yìí, inú ẹyinjú gan-an ni. Fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ọmọ ológbò, ìran yòówù kó ti wá, ló máa ń ní ẹyinjú búlúù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ àkọ́kọ́, kí àwọ̀ tí yóò bá a dàgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ti Siamese ni kì í yí padà títí ayé rẹ̀. Nítorí náà ẹni tó ń ta ọmọ funfun lásán fún yín ní Siamese gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ kí ẹyinjú náà tó yí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Nílé mi, kò tó oṣù kan: ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òrùka àwọ̀ ewé ti yí ọmọlójú rẹ̀ ká, lónìí ó ti pọ́n bí oyin. Ẹ má sì rò pé bí ẹyinjú bá dúró ní búlúù, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Àwọn ológbò funfun kan wà tí ẹyinjú wọn kì í yí. Ohun mìíràn nínú àbùdá wọn ló fà á, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì gbọ́ràn.

Ohùn náà tún ńkọ́? Ọmọ náà ké láti alẹ́ dé òwúrọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òǹtajà náà sì ní ẹ̀jẹ̀ Siamese ló ń sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni pé Siamese jẹ́ aláròyé, pé ohùn rẹ̀ le bí ẹkún ọmọ ọwọ́, pé á máa tẹ̀ lé olówó rẹ̀ kiri ilé, pé ẹni tó ń fi ilé sílẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kò yẹ kó sin òun nìkan láìsí ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n ebi ló ń pa èyí tí mo rà, ó sì ń wá ìyá rẹ̀. Nínú ìlànà GCCF, ẹgbẹ́ ológbò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bìrìtéènì ní 1910, ọmọ ológbò kì í kúrò lọ́dọ̀ olùsìn kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 13. Ẹ di ìyẹn mú, ẹ má gba àròyé kankan lórí rẹ̀.

Nípa ti ìwé ìran, orúkọ ẹgbẹ́ kan tó lókìkí wà lórí èyí tí mo gbà, “Traditional Siamese” ni wọ́n sì kọ sí àyè ìran. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta mí lólobó. Láti ilẹ̀ Siam, tí í ṣe Thailand lónìí, ni ológbò yìí ti wá. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, Edward Blencowe Gould, gbé akọ kan àti abo kan wá sí Bìrìtéènì fún arábìnrin rẹ̀ ní 1884, àwọn tó fẹ́ràn ológbò yìí sì dá ẹgbẹ́ Siamese sílẹ̀ ní 1901. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó tín-ín-rín tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, títí irú ti àtijọ́ fi pòórá níbi ìdíje. Àwọn tó tọ́jú rẹ̀ kò jẹ́ kó parẹ́, TICA, ẹgbẹ́ ológbò àgbáyé kan, sì fún un ní ipò ìdíje ní 2010, àmọ́ Thai ni orúkọ tí wọ́n ń kọ fún un níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó san owó, ẹ fi nọ́ńbà ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bóyá tiwọn ni. Ẹ̀yìn tí mo ti sanwó ni mo tó ṣe bẹ́ẹ̀. Èsì wọn ni pé kì í ṣe tiwọn.

Ohun tó lè dáàbò bò yín jù lọ ni kí ẹ rí bàbá àti ìyá. Àwọ̀ Siamese kì í hàn àfi bí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì, ìdí nìyẹn tí òbí méjì tí wọ́n jẹ́ Siamese kò fi lè bí ọmọ tí yóò wà ní funfun porogodo. Ẹ ní kí wọ́n fi ìpè fídíò hàn yín bí ìyá ṣe ń fún àwọn ọmọ lọ́mú. Àwòrán nìkan kò tó, nítorí mo wá rí i nígbà tó yá pé olùsìn mìíràn ló ni àwòrán ìyá tó dára yẹn, wọ́n kàn jí i lò ni. Ẹ ní kí wọ́n ya ìyá náà nínú òkùnkùn pẹ̀lú iná kámẹ́rà, nítorí ẹyinjú Siamese máa ń tàn pupa níbi tí ti ológbò mìíràn ti ń tàn bí ewé tàbí wúrà. Kí wọ́n sì fi èsì àyẹ̀wò àbùdá àwọn òbí hàn yín lórí àrùn tó ń sọ ojú di afọ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó wà nínú ìran yìí, tí olùsìn gidi sì mọ̀ dáadáa. Òǹtajà tèmi ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà, ó ní òun yóò pààrọ̀ ọmọ náà, kìkì pé kí n san owó ọkọ̀ àti ti àpótí. Ẹnì kan tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ san án, kò rí ọmọ kankan gbà, wọ́n sì tún bi í léèrè owó ìbánigbófò lórí rẹ̀. Èmi kò san nǹkan kan. N kò sì dá ológbò náà padà, kò ṣẹ̀ mí.

Ìpolówó náà ṣì wà níta bí mo ṣe ń kọ èyí: ọmọ funfun mẹ́rin nínú apẹ̀rẹ̀, aṣọ ìnura aláwọ̀ ewé lábẹ́ wọn, ìyá wọn dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. “Ọmọ ọ̀sẹ̀ 12” ni wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo rà nínú wọn ti lé ní ọdún kan.