Ray-Ban Shooter olórùka: ti Amẹ́ríkà, ti Ítálì, àti ayédèrú

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé ní Ìjẹ̀bú-Òde, awò dúdú a máa pọ̀ lọ́jà, torí regbérégbé ń múra Ojúde Ọba. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra Shooter ni mò ń bá wí, awò tó ní òrùka kékeré níbi tó gun orí imú. Ọdún 1938 ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n ní inú òrùka yẹn ni ẹni tó ń yìnbọn ń ki sìgá rẹ̀ sí, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè.

Ògidì pín sí méjì. Bausch & Lomb ti Amẹ́ríkà ló ń ṣe Ray-Ban títí di 1999, tí wọ́n fi tà á fún Luxottica ti Ítálì. Ẹ wo etí jígí, lẹ́bàá ibi tí apá awò ti ń ṣẹ́. Lára àwọn ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láàárín 1980 sí 1999, ẹ ó rí “BL” tín-ín-rín tí wọ́n fín sínú jígí, ẹ ó sì rí “B&L Ray-Ban U.S.A.” lára irin. Ti Ítálì, “RB” ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà RB3138 sì wà nínú apá. Méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà ni àwọn tó ń kó awò àtijọ́ jọ ń wá, kí ẹ má san owó ọ̀kan ra èkejì.

Ibi tí wọ́n ti mú mi nìyẹn. Ọkùnrin tó ta tèmi búra pé bàbá òun ló gbé e dé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1982. Orúkọ Bausch & Lomb wà lára irin lóòótọ́. Ìgbà tí mo délé, tí mo gbé e sí ojú fèrèsé, “RB” ni mo rí lára jígí. Àmì tó dé lẹ́yìn 1999, kí ló wá dé ara awò 1982? Owó ńlá ni mo san, ó sì dùn mí gan-an. Bí àmì méjèèjì bá pàdé lára awò kan, ẹ má gbà á bí ògidì ti Amẹ́ríkà.

Lẹ́yìn èyí, jígí fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń ju gàrí Ìjẹ̀bú díẹ̀ sẹ́nu ká tó rà á, ẹ fi jígí kan eyín yín jẹ́jẹ́. Jígí gidi tutù, ó wúwo, ó sì ń dún kẹ́ńkẹ́ń bíi ife. Rọ́bà a máa dún kúbú. Jígí G-15, ìyẹn jígí Ray-Ban tó dúdú bí ewé àti eérú, ìdá 15 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ fi wo bébà funfun: bó bá di búlúù, ẹ gbé e sílẹ̀. Ti aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní Kalichrome náà wà, ìyẹn kì í ṣe ayédèrú.

Èmi kì í ka àpò àti páálí sí rárá, torí wọ́n ń tà wọ́n lọ́tọ̀. Ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ gbé awò náà jáde sínú oòrùn, kí ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ lè rí àmì etí jígí. Bó bá kọ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.