WhatsApp Business àti elùbọ́ mi l'Ómù-Àrán

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ l'Ómù-Àrán, ilà èédú ló kún ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná wa. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń fa ilà náà. Ilà kúkúrú kan, kóńgò elùbọ́ kan tí ẹnìkan gbà láìtíì san. Ilà gígùn, odindi àpò. Bí àmì róbótó bá wà lórí ilà, ẹni náà ti san ààbọ̀. Kò sẹ́ni tó lè ka ògiri yẹn àfi Màmá. Ó wá di ọdún tí a fẹ́ ṣègbéyàwó àbúrò ọkọ mi, wọ́n pe pẹ́ńtà, kí Màmá sì tó ti ọjà dé, pẹ́ńtà ti fi ọ̀dà funfun kun gbèsè ọdún kan rẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹkún sọ nílé wa lọ́jọ́ yẹn, kì í sì í ṣe ẹkún ìyàwó.

Ìdí tí mo fi ti ibi ògiri bẹ̀rẹ̀ ni pé ògiri ni mo ka WhatsApp Business, áàpù WhatsApp tó wà fún òwò, sí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwa oníṣòwò kéékèèké máa ń ṣe é bíi pé agogo ni, pé bí o bá ti lè gbé e sórí fóònù, oníbàárà á máa wọ́ tọ̀ ọ́ wá. Ọdún méjì ààbọ̀ rèé tí mo ti ń lò ó, n kò tíì rí èyí. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tó bá ra elùbọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan kì í sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni owó mi wà.

Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà. Àwòrán rẹ̀ jọ ti WhatsApp tí gbogbo wa mọ̀, àfi pé lẹ́tà B ló wà láàárín tiẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 ni wọ́n ti gbé e jáde, èmi ni n kò tètè dé ìdí rẹ̀. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: nọ́ńbà kan kò lè wà lórí WhatsApp lásán kó tún wà lórí ti òwò. Ẹ lọ ra síìmù mìíràn. Èmi kò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí àwọn ará ilé àti ẹgbẹ́ àsàlátù fi ń pè mí ni mo gbé lọ síbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà bá ń rì sáàárín àdúrà ọjọ́ Jímọ̀ àti fídíò tí ẹ̀gbọ́n mi ń fi ránṣẹ́ láràárọ̀. Ẹnìkan ní kí n gbé àpò méjì dání fún òun, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni mo rí i.

Àtẹ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Catalog. Ọjà 500 ni èèyàn lè tò síbẹ̀, ọjà kọ̀ọ̀kan sì lè ní àwòrán mẹ́wàá. Ọjà mẹ́fà péré lèmi ní: elùbọ́ kílò méjì, kílò márùn-ún, kílò mẹ́wàá, gàrí, ata gbígbẹ, àti ẹ̀gúsí tí a ti bó. Mo ní láti sọ ti àwòrán. Alẹ́ ni mo ya èyí tí mo kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, lábẹ́ gílóòbù pupa inú ilé, mo da elùbọ́ sínú báàfù dúdú. Àǹtí kan tí kò mọ̀ mí rí kọ̀wé sí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ṣé ẹ tún ń ta sìmẹ́ńtì ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ọmọ mi ọkùnrin ló ní kí n gbé e síta ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, kí oòrùn tó le. A da elùbọ́ sórí ajọ̀, a tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ rẹ̀, mo wá ń jọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń yà á ní fídíò. Èèyàn rí i bí ó ṣe ń rọ̀ sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, wọ́n sì rí i pé kò sí kòkòrò kankan tó ń rìn lórí ajọ̀. Ìbéèrè tí mo ti ń dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ nìyẹn, "Ṣé kò ní kòkòrò mà?" Ó dópin.

Fídíò kejì ni ti orógùn. Mo ro ọkà (àmàlà ni ẹ̀yin ará Èkó ń pè é) nínú ìkòkò kékeré, èéfín ń rú, orógùn ń yí, n kò sọ̀rọ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni n kò fi orin sí i. Ìṣẹ́jú kan kò pé. Fídíò yẹn ta ọjà ju gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí mo ti ń kọ láti ọdún yìí wá lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ iye owó síbẹ̀. N kò mọ ẹni tó kọ́ wa pé ká máa kọ "ẹ wá bá mi ní kọ̀rọ̀ fún iye." Lójú ọjà, ẹni tó bá béèrè èló ń wo ojú mi, èmi náà ń wo tiẹ̀, a ó jọ dúnàá-dúrà, a ó jọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà ní Lẹ́kí kò rí ojú mi. Bí n kò bá kọ iye, ohun tó máa rò ni pé àpò òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ wò kí n tó dá a lóhùn. Kílò márùn-ún mi, ₦9,000 ni, ó wà níbẹ̀ gàdàgbà. Kílò ni mo sì ń tà níbẹ̀, kì í ṣe kóńgò, nítorí oníbàárà kan gbé kóńgò tirẹ̀ jáde ní Èkó, ó wọn elùbọ́ mi, ó ní mo fi ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ́ òun jẹ. Kóńgò tèmi àti tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ra òṣùwọ̀n.

Ìdáhùn àdáṣe wà nínú áàpù náà, ẹ̀bùn ni, ó sì lè kó bá èèyàn. Ó ń kí ẹni tó bá kọ̀wé sí ọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì tún ń kí ẹni tí ẹ kò bá tíì jọ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Èyí tí mo kọ nígbà náà ni: "Ẹ káàbọ̀ sí ilé elùbọ́ aládùn! Kí lẹ fẹ́ rà lónìí?" pẹ̀lú àwòrán ijó mẹ́ta. Lóṣù tó kọjá, oníbàárà mi kan ní Ìkòròdú, obìnrin tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kọ̀wé ní aago kan òru pé ìyá òun ti kú, òun ń bọ̀ wá sin wọ́n nílé, òun máa nílò elùbọ́ àpò mẹ́rin. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí a ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ ti mọ ohun tí fóònù mi fi dá a lóhùn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo rí i. Mo pè é, mo sì bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè rí mi. Èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀bi tèmi ni. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Mo ti rí iṣẹ́ yín, mò ń bọ̀ wá dá yín lóhùn." Ọ̀rọ̀ yìí bá ẹni tó ń ṣayẹyẹ mu, ó bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ mu. Ẹ ka tiyín sókè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Èyí tó wà fún ìgbà tí èèyàn kò bá sí nídìí fóònù ńkọ́? Kò ṣiṣẹ́ bí fóònù kò bá sí lórí dátà. Ní ìlú tí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bó ṣe wù wọ́n, n kò gbójú lé e.

Àwọn ìdáhùn kúkúrú ni mo fẹ́ràn. Mo tẹ ilà dídà yẹn (/), mo kọ "iye" tẹ̀lé e, gbogbo iye owó tí mo ti kọ pamọ́ á jáde. "Mótò" ń mú ọ̀nà tí ẹrù ń gbà lọ jáde: Ìlọrin ni a ti ń gbé e fún mọ́tò Èkó àti ti Ìbàdàn, ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. N kò kọ "mọ́tò" pẹ̀lú àmì tó yẹ, kí ọwọ́ mi lè yá ni, kí àwọn olùkọ́ Yorùbá má bínú.

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti lo àgúnmu yìí ní àlòjù rí. Mo kó nọ́ńbà bíi 180 jọ láti inú ẹgbẹ́ àsàlátù àti ẹgbẹ́ ìgbéyàwó méjì, mo fi broadcast, iṣẹ́ kan náà tó ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó wà nínú àkójọ lẹ́ẹ̀kan náà, ránṣẹ́ sí gbogbo wọn. Mo dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo rò pé ọjà ni kò dára. Ọmọ mi ló wá ṣàlàyé pé ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà mi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí ohun tí mo bá fi ránṣẹ́ lọ́nà yẹn rárá. Àkójọ kan kò sì gbà ju ènìyàn 256 lọ. Bí àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí bá sì ń fẹjọ́ nọ́ńbà rẹ sùn, WhatsApp lè tì í pa. Láti ìgbà náà, n kò kó nọ́ńbà ẹni ẹlẹ́ni mọ́. Inú nylon kọ̀ọ̀kan ni mò ń fi ìwé pélébé sí: "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi nọ́ńbà yìí pamọ́ ní ELÙBỌ́ ÒMÙ-ÀRÁN." Ẹ kíyè sí orúkọ náà. Bí mo bá ní kí wọ́n fi orúkọ mi pamọ́, wọ́n á gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọkà bá wù wọ́n jẹ, wọ́n á tẹ "elùbọ́" sínú fóònù, èmi ni màá jáde. Èèyàn 94 ló wà nínú àkójọ mi báyìí, wọ́n sì níye lórí lójú mi ju 180 yẹn lọ.

Mo ti sanwó ìpolówó náà rí. Áàpù yìí lè bá ọ gbé e lọ sórí Facebook àti Instagram, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ já sínú WhatsApp rẹ tààrà. Mo fi ₦6,000 dán an wò, owó VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tún wà lórí rẹ̀. "Nàìjíríà" ni mo yàn níbi tí wọ́n ti béèrè ibi tí mo fẹ́ kó dé, ojúkòkòrò ni. Ni iṣẹ́ bá ń wọlé láti Sókótó àti Máídúgùrì, àwọn tí wọn kò fi ọkà kẹ́nu rí. Èèyàn 39 béèrè, méjì rà. Lẹ́ẹ̀kejì, Ìlọrin, Ìbàdàn àti Èkó nìkan ni mo yàn, mo sì fi fídíò orógùn sí i. Èèyàn 19 béèrè, méje rà, márùn-ún nínú wọn ṣì ń rà dòní. Bí ẹ kò bá tíì ní fídíò tó dáa, ẹ jẹ́ kí owó yín wà nínú àpò.

Ó wá ku ògiri. Label ni wọ́n ń pè é, àmì aláwọ̀ tí èèyàn ń lẹ̀ mọ́ orúkọ oníbàárà. Márùn-ún ló ti wà níbẹ̀ láti ilé, èèyàn sì lè fi kún un títí tí yóò fi di ogún. Mo yí orúkọ wọn padà sí Yorùbá: "Kò tíì san," "Ó ti san," "Ó wà nínú mọ́tò," "Ó ti dé ọwọ́." Kò sí ẹni tó ń kúrò ní "Kò tíì san" nítorí pé ó fi àwòrán álẹ́ẹ̀tì hàn mí. Inú áàpù báńkì mi ni mo ti ń wo owó, ọgbọ́n tí álẹ́ẹ̀tì ayédèrú ₦27,000 kọ́ mi nìyẹn. Bí ẹrù bá ti wọ mọ́tò, mo ya nọ́ńbà ọkọ̀, mo fi ránṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè.

Àmì karùn-ún ni olówó orí mi: "Oṣooṣù." Ilé tí wọ́n ti ń jẹ elùbọ́ kílò márùn-ún tán láàárín oṣù kan ló wà níbẹ̀. Bí ó bá ti tó ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, mo kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dárúkọ ọmọ wọn: "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ike elùbọ́ kò ti máa gbọ̀n báyìí?" Ó ju ìdajì ọjà mi lọ tó ń gba ibẹ̀ jáde. Kò sí ìpolówó kankan tó sún mọ́ ọn.

Ẹ má gbàgbé láti fi PIN onínọ́ńbà mẹ́fà tì í, kí ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní kóòdù tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sí yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló béèrè. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà yẹn ti gba ṣọ́ọ̀bù.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo yọ ẹyọ kan nítorí dátà.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, Màmá jókòó tì mí. Ojú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Wọ́n ní, "Ilà mélòó ló wà lára ògiri ẹ?" Mo ṣí "Kò tíì san." Mẹ́ta. Wọ́n ní kí n ka orúkọ wọn, mo kà á. Wọ́n mi orí.

"Ti Ìkòròdú yẹn, má ṣe pè é. Ó máa san. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ ni."