Wọ́n ní kí n tẹ "Mo ti gbà á" nígbà tí mi ò tíì gbà á: ìrírí mi lọ́wọ́ àwọn tó ń báàyàn ra orúkọ Instagram

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra orúkọ lórí Instagram, ìyẹn username tí wọ́n fi ń wá péèjì èèyàn, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó fowó sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ alárinà tí mo lò, torí obìnrin kan wà níbẹ̀ tó sọ òótọ́ fún mi ju báwọn ọ̀gá ẹ̀ ṣe máa fẹ́ lọ, mi ò sì fẹ́ kí oúnjẹ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ nítorí tèmi. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọkùnrin kọ́sítọ́mà kíà wọn ṣe fún mi, mi ò lè gbé e mì.

Ọ̀sán gangan ló pè mí. Ìdí ìkòkò aró ni mo wà, ọwọ́ mi méjèèjì ti dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, fóònù wá ń dún lórí àpótí. Ọmọ mi ló bá mi gbé e, ó fi sí sípíkà. "Ẹ káàsán mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kàn bá wa tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Mo ti gbà á' sí lórí áàpù wa." Mo ní kí ni mo gbà? Ó ní orúkọ tẹ́ ẹ rà ni mà. Mo ní orúkọ náà ò sí lórí péèjì mi o, àtàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, Instagram ń sọ pé kò ṣeé mú. Ó ní "A mọ̀ mà, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ná, tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ a máa jọ wá orúkọ náà, ẹni tó tà á ti ṣe tiẹ̀, owó ẹ̀ ló ń retí." Mo ní ṣé o gbọ́ ohun tó ò ń sọ báyìí? Ó ní tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ wọn á tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀.

₦180,000 mi ló wà lọ́wọ́ wọn o, yàtọ̀ sí ₦18,000 tí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tiwọn. Owó iṣẹ́ yẹn, kí ni mo san án fún? Kí wọ́n lè di owó mi mú títí orúkọ á fi wọlé ni. Wọn ò ṣe nǹkan míì fún èèyàn tó jùyẹn lọ. Ẹni tí mo ní kó bá mi ṣọ́ owó ló wá ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun gbé e fún ẹni tó ń tajà, kí n tó rí ọjà! Ara mi gbọ̀n. Mo sọ fún un pé kó fún mi ní ọ̀gá ẹ̀, ó ní ọ̀gá òun wà ní mítíìnì, mo ní mo máa dúró lórí fóònù títí tí mítíìnì á fi parí, ó bá já fóònù mọ́ mi létí. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀: Òṣogbo ni mo wà, ìlú aró, àdìrẹ ni mò ń ṣe, ẹlẹ́kọ àti oníko, ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Tó bá ti di oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun, àlejò á ya wọ̀lú, ti Èkó, ti Brazil, ti Amẹ́ríkà, torí UNESCO ti kọ igbó Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti 2005, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ra aṣọ, wọ́n á bi mí pé kí lorúkọ yín lórí Instagram, mo máa sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi, tí wọ́n bá lọ tẹ̀ ẹ́, péèjì ẹlòmíì ni wọ́n á bá. Fọ́tò bàtà kan ṣoṣo ló wà lórí péèjì yẹn, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ pípẹ́. Tèmi ní ìlà nísàlẹ̀, ó tún ní nọ́ńbà nídìí, ta ló máa rántí ìyẹn? Oníbàárà kan wọ ìró àdìrẹ mi lọ sí ìgbéyàwó, fọ́tò ẹ̀ dára débi pé ó lọ káàkiri, ó so ó mọ́ péèjì oníbàtà yẹn, gbogbo àwọn tó ń béèrè pé níbo lẹ ti rà á, ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ. Ó dùn mí dọ́kàn. Aṣọ yẹn, èmi fúnra mi ni mo fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sórí ẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Instagram fúnra wọn. Ohun tí wọ́n kọ sí ojúewé ìrànlọ́wọ́ wọn ni pé tí orúkọ tó o fẹ́ bá wà lórí akáùǹtì tó jọ pé ẹnikẹ́ni ò lò ó mọ́, kí o mú irú ẹ̀ míì, kí o fi àmì ìdánudúró, nọ́ńbà tàbí ìlà sí i. Ìyẹn ni mo sá fún. Wọ́n ní ẹni tó bá ní trademark, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé òun ló ni orúkọ ọjà kan, lè fẹjọ́ sùn, mo wá rò pé ìwé CAC mi á tó, kò tó o, ìforúkọsílẹ̀ okòwò lọ́dọ̀ CAC kì í ṣe trademark, ọ̀tọ̀ ni ti trademark, Àbújá ni wọ́n ti ń ṣe é. Àbúrò mi kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ayétòrò ló wá sọ fún mi pé àwọn kan wà tó ń bá èèyàn wá ẹni tó ni orúkọ, tí wọ́n á bá a dúnàádúrà, tí wọ́n á sì di owó mú láàárín yín.

Kí n má parọ́, apá ibẹ̀ yẹn, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n rí oníbàtà náà, èmi tí mo ti ń kọ̀wé sí i lórí Instagram tí kò dáhùn rí. Ó kọ́kọ́ bẹnu lé ₦400,000, wọ́n fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ₦180,000, wọn ò sì sọ fún un pé oníṣòwò ni mí, torí tó bá mọ̀, ó máa fà á lọ sókè ni. Ohun kan ṣoṣo tó bí mi nínú níbẹ̀ ni pé wọ́n gba NIN mi, wọ́n gba fọ́tò ojú mi, mo béèrè bóyá wọ́n gba ti ẹni tó ń tà á, wọ́n ní kò pọn dandan. Báwo ni kò ṣe pọn dandan? Ṣé ẹni tó ń sanwó ló máa sá lọ ni?

Ó wá ku bí orúkọ á ṣe dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń tà á máa yí orúkọ tiẹ̀ padà sí nǹkan míì, kí tìẹ tètè gba èyí tó fi sílẹ̀. Èkejì, kó gbé gbogbo akáùǹtì náà fún ẹ, ti ímeèlì, ti páásíwọ́ọ̀dù. Èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n yàn fún wa. Oníbàtà yí tiẹ̀ padà, ó fi skrínṣọ́ọ̀tì ránṣẹ́, èmi náà tẹ orúkọ náà sórí tèmi, Instagram ò gbà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo jáde lọ sí Ọláìyá níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti dáa, kò gbà bákan náà. Ìyẹn ló wà nílẹ̀ tí ọmọkùnrin yẹn fi pè mí pé kí n tẹ "Mo ti gbà á."

Nígbà tó já fóònù, mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn sí wọn lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sí ímeèlì, mo ní tí wọ́n bá fi tú owó mi sílẹ̀, wọ́n á gbọ́ orúkọ mi. Kó tó di aago mẹ́fà tí wọ́n dá fún mi, obìnrin kan pè. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ó ní "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní aró lẹ ń rẹ, ẹ kú ọwọ́ lómi." Ó bi mí ní ìbéèrè kan: ṣé orúkọ yẹn ti wà lórí péèjì yín? Mo ní kò sí. Ó ní "Ẹ má tẹ nǹkan kan o. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kódà bó sọ pé èmi ló rán òun. Ẹ lọ fọ ọwọ́ yín, kẹ́ ẹ ka ohun tó wà lójú fóònù yín fún mi."

Mo kà á fún un ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó wá ṣàlàyé ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, Instagram máa ń tọ́jú orúkọ tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ pamọ́ fún onítọ̀hún fún ọjọ́ 14, kó lè padà sórí ẹ̀ tí ọkàn ẹ̀ bá yí. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹlòmíì ò lè mú un. Ìyẹn ni pé ká ní mo tẹ bọ́tìnnì yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oníbàtà á ti gba owó, orúkọ á sì ṣì jẹ́ tiẹ̀, tó bá fẹ́ kó padà sórí ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró. Ẹ tún un kà. Mo bi í pé kí ló dé tí ọmọ yẹn fi ń lé mi, ó ní tí òpin oṣù bá ti ń sún mọ́, iye ọjà tó bá parí ni wọ́n fi ń ṣírò owó ọ̀yà wọn. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò gbèjà ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni inú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Obìnrin yìí mọ iṣẹ́. Ó lo ọjọ́ 14 yẹn fún wa dípò kó jẹ́ pé òun ló ń lò wá: ó ní kí oníbàtà padà sórí orúkọ náà kíákíá, nígbà tí àyè ṣì wà fún un, kó wá gbé gbogbo akáùǹtì náà sílẹ̀ fún mi. Oníbàtà kọ́kọ́ fárígá, ó ń pariwo owó, obìnrin yìí ní owó ò ní kúrò níbi tó wà. Nígbà tó gbà tán, ó dúró tì mí lórí fóònù, a yọ ímeèlì rẹ̀, a fi tèmi sí i, a yọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, a yí páásíwọ́ọ̀dù padà, a lé gbogbo fóònù tó ti wà lórí akáùǹtì náà tẹ́lẹ̀ kúrò. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ lo tẹ́ẹ̀sì orí SIM fún kóòdù tí wọ́n máa ń béèrè kéèyàn tó wọlé sórí akáùǹtì, kí n lo áàpù tó ń mú kóòdù jáde, torí àwọn olè lè gba SIM èèyàn lọ́wọ́ ẹ̀ láìfọwọ́ kan fóònù ẹ̀. Kì í ṣe àsọdùn. Ọkùnrin kan, Naoki Hiroshima, ló ni @N lórí Twitter, lẹ́tà kan péré, wọ́n ti fi 50,000 dọ́là lọ̀ ọ́ rí, ní 2014 olè gba akáùǹtì rẹ̀ mìíràn láti fi fipá gba orúkọ náà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó rí i gbà padà. Ti @Tennessee tiẹ̀ burú ju ìyẹn lọ: ní 2020, wọ́n fi ìpè irọ́ rán ọlọ́pàá sílé baba ẹni ọgọ́ta ọdún tó kọ̀ láti gbé e sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ dákẹ́, ó kú, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é gba ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Torí orúkọ!

Lẹ́yìn tí akáùǹtì ti bọ́ sí mi lọ́wọ́ tán, ni obìnrin yìí fúnra ẹ̀ wá ní kí n tẹ bọ́tìnnì. Mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá fara balẹ̀ gbé orúkọ náà láti péèjì kékeré yẹn sórí péèjì mi, tí ìdádúró bá wà, láàárín èmi àti ara mi ni. Ó ti wà níbẹ̀ báyìí, kò ní ìlà, kò ní nọ́ńbà, bó ṣe wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù mi gẹ́lẹ́.

Ibi tí inú tún ti bí mi nìyí. Nígbà tá a ń dágbére, ó ní kí n má kọ ọ́ síbì kankan lórí péèjì náà pé mo ra orúkọ o. Mo ní kí ló dé? Ó ní Instagram ò gbà á. Mo lọ ka òfin Instagram, ó wà níbẹ̀ kedere pé èèyàn ò gbọ́dọ̀ ra, kò gbọ́dọ̀ tà, kò sì gbọ́dọ̀ gbé akáùǹtì tàbí orúkọ fún ẹlòmíì, wọ́n sì lè gba nǹkan wọn nígbà tó bá wù wọ́n. Kí ló dé tí iléeṣẹ́ yìí ò sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó gba owó? Àkọlé gàdàgbà tó wà níwájú áàpù wọn ni pé ohun gbogbo ní ìdánilójú. Ìdánilójú wo, nígbà tí ẹni tó nilé lè lé wọn jáde nígbàkigbà? Ti Telegram kì í ṣe bẹ́ẹ̀, láti 2022 ni wọ́n ti ń ta orúkọ ní gbangba lórí ọjà orí ayélujára kan tó ń jẹ́ Fragment, pẹ̀lú owó kíríptò tí wọ́n ń pè ní TON, ohun tó o bá rà níbẹ̀ tìẹ ni. X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, náà ṣí ọjà tiwọn ní 2025 fáwọn tó ń san owó Premium tó ga jù. Ẹni tó bá ń ta ti Instagram fún èèyàn gbọ́dọ̀ sọ fún un pé ilẹ̀ tí ò ní ìwé ló ń rà, kí onítọ̀hún mọ ohun tó ń ṣe, kó yàn án pẹ̀lú ojú ara ẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọ̀kan fún bí wọ́n ṣe fa ₦400,000 wálẹ̀, ọ̀kan fún obìnrin yẹn, tí ì bá sì jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ní kí n fún ní máàkì, márùn-ún ni màá fún un. Bọ́tìnnì tó ń tẹ ara ẹ̀ laago mẹ́fà ṣì wà lórí áàpù wọn títí dìsinsìnyí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ èyí. Tí ẹ bá lò wọ́n, tí ẹ bá gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń yára sọ̀rọ̀, ẹ ní kó gbé yín fún ọ̀gá obìnrin tó ń bójú tó ẹjọ́ oníbàárà, ẹ má sì tẹ nǹkan kan kó tó pè yín.