ELM327: ẹ̀rọ kékeré tó ń tú àṣírí mọ́tò tó ń mu epo

Ẹ̀rọ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ihò olójú wẹ́wẹ́ 16 kan wà lábẹ́ sítíárì, ibẹ̀ lẹ ó tì í bọ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, ẹ fi Bluetooth so ó mọ́ fóònù (1234 tàbí 0000 ló sábà máa ń béèrè), kẹ́ ẹ wá fi áàpù Torque tàbí Car Scanner ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń rò. Mọ́tò ilé tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yìí, torí náà tọ́kùnbọ̀ Corolla àti Camry tó kún títì Adó-Èkìtì ò ní kọ̀ ọ́.

Ó tó rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó rà á torí kóòdù àléébù mọ́tò nìkan kò tíì jẹ èrè owó ẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń mu epo bí ẹni ń rọ ọ́ sínú ajere ni kì í tan iná "check engine" rárá. Àwọn nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù bí mọ́tò ṣe ń lọ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìgbóná ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ inú Corolla 2003 sí 2008 yẹ kó wà láàárín nǹkan bíi 82 sí 95 lórí òṣùwọ̀n Celsius lẹ́yìn ìrìn ìṣẹ́jú 15. Ẹ gbé e sọ̀nà Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Bí atẹ́gùn ọ̀nà ṣe ń fẹ́ sí i, tí nọ́ńbà bá já wá sí 60 tàbí 65, tó tún gòkè nígbà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá yín dúró, ẹ má wádìí jìnnà: ó ṣeé ṣe kí àwọn mẹkáníìkì ti yọ tẹmósítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, sọ nù. "Ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò níbí" ni wọ́n máa ń wí. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù, ó rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, ó sì ń bu epo kún un títí ẹ ó fi délé. Ẹ ra ojúlówó, èyí tó ń ṣí láàárín 80 sí 84. Kí ìṣó kékeré tó ń mì lára rẹ̀ dojú kọ òkè kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Kúláǹtì ni kẹ́ ẹ rọ sí i, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Kí ẹ́ńjìnnì tutù kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí rédíétọ̀, kẹ́ ẹ wá tan án kó máa ṣiṣẹ́ títí omi ò fi ní hó yọ afẹ́fẹ́ mọ́. Bó bá tún gbóná jù lẹ́yìn náà, fáànù tàbí rédíétọ̀ tó dí ni kẹ́ ẹ lọ bá, kì í ṣe tẹmósítáàtì.

Èkejì ni èyí tí áàpù ń pè ní Long Term Fuel Trim, ìyẹn ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kọ̀ǹpútà ń fi kún epo tàbí tó ń yọ kúrò nínú rẹ̀. Láàárín −10 sí +10, kò séwu. Bó bá dé +20, afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ò kà ń wọlé, tàbí epo ò tó: mọ́tò ò lágbára, ẹsẹ̀ yín á sì máa tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ wò ó nígbà tó wà ní sílò láìtẹ ẹsẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tún wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá ga ní sílò tó wálẹ̀ ní 2,500, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Ẹ tẹ rọ́bà tó ti ọ̀dọ̀ fílítà afẹ́fẹ́ wá, inú ìṣẹ́po rẹ̀ ni ó máa ń là, kò sì ní lanu àfi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ 2,500 ló ti ń ga sí i, ẹ fura sí MAF (sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì) tó dọ̀tí tàbí póńpù epo tó ti rẹ̀. Síprẹ́è MAF gan-an ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fọwọ́ kan wáyà inú rẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dá a padà. −15 ní tirẹ̀, epo ló pọ̀ jù. Nọ́súlù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, tó bá ń jò, wà lára ohun tó ń fà á.

Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn iwájú, èyí tó wà lára páìpù èéfín, ti tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Lára ọ̀pọ̀ Toyota, kì í jó láàárín 0.1 sí 0.9 fóótì bíi ti àtijọ́, torí irú mìíràn ni. Wọn á ní ó ti kú, wọn á sì pààrọ̀ èyí tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ yìí ò mọ táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ dín. Ìwé ara férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà, tó sọ ìwọ̀n atẹ́gùn táyà, ni kẹ́ ẹ fún fọkanáísà kà. Kò mọ bíréèkì tó ń há náà. Lẹ́yìn ìrìn, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ àwọn ríìmù, ẹ má fọwọ́ kàn án: èyí tó gbóná ju ìyókù lọ ni kẹ́ ẹ gbé sókè lórí jáàkì.

Kìlómítà fún lítà tí áàpù ń kọ, ẹ má gbà á gbọ́. Ọ̀dọ̀ MAF ló ti sábà máa ń ṣírò rẹ̀, MAF tó dọ̀tí á sì purọ́. Ẹ kún táǹkì títí nọ́súlù filínsítéṣọ̀n á fi já fúnra rẹ̀, ẹ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè kẹ́ ẹ sì padà, kẹ́ ẹ tún kún un níbi kan náà, kẹ́ ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín kìlómítà tẹ́ ẹ rìn. Àlọ nìkan ò tó, òkè ibẹ̀ á da ìṣirò rú.

Àléébù rẹ̀: iPhone kì í rí èyí tó jẹ́ Bluetooth àtijọ́, WiFi tàbí Bluetooth LE ni kẹ́ ẹ rà fún un. Àwọn kan tí wọ́n kọ v2.1 sí lára máa ń já, tàbí kí wọ́n má dá mọ́tò lóhùn rárá. Ẹ dán an wò lára mọ́tò yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ yọ ọ́ lálẹ́, torí iná bátìrì ń wọ ihò yẹn bí ẹ tiẹ̀ pa mọ́tò. Ẹ má sì tẹ "clear" kẹ́ ẹ tó kọ àwọn nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, torí fuel trim tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ á pa rẹ́ mọ́ kóòdù.